Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà l'Ógbómọ̀ṣọ́: báwo la ó ṣe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ nílànà Yorùbá?

Ìyàwó_Ajílété

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, èmi àti ọkọ mi ti ra ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́, lápá Under G lọ́hùn-ún, kò jìnnà sí LAUTECH. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú pálọ̀, ibi ìjẹun kékeré kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé. Ẹni tó tà á fún wa ti lé táìsì funfun tó ń dán gbinrin sí gbogbo ilẹ̀, ó ṣe POP sí àjà, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun ògiri láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, n kì í rí ohun kan tó sọ fún mi pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbébẹ̀. Ìlú yòówù ni ilé náà lè wà.

Mo fẹ́ kí ilé wa fi ibi tí a ti wá hàn: aṣọ òfì, igbá fífín, iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́, ìkòkò amọ̀. N kò fẹ́ kó kún bí ìsọ̀ ọlọ́jà, n kò sì fẹ́ ilé tí àlejò ò ní lè jókòó sí nítorí pé gbogbo nǹkan ló jẹ́ ohun àwòmáfọwọ́kàn. Ọmọ kékeré méjì wà nílé. Ìyá ọkọ mi máa ń wá bá wa gbé, wọ́n sì ti sọ ọ́ kedere pé àwọn ò fẹ́ rí ère nínú ilé ọmọ àwọn. Owó ilé ti gba èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ la ó máa ra nǹkan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé mo lè fi òfì rán kọ́tìnnì? Táìsì yẹn ńkọ́, ṣé kí a fọ́ ọ ni?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú oríire. Ilé á tura o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òfì rán kọ́tìnnì. Ìdí òfì ni wọ́n bí mi sí ní Ìsẹ́yìn, mo mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí aṣọ náà. Ó wúwo. Bí ẹ bá fi kọ́ ojú fèrèsé, irin kọ́tìnnì á tẹ̀, oòrùn á máa ṣá a láti ẹ̀yìn, eruku ọyẹ́ á sì kó sáàárín òwú rẹ̀. Kọ́tìnnì sì rèé, aṣọ tó yẹ ká máa fọ̀ déédéé ni. Òfì kì í ṣe aṣọ tí à ń fọ̀ nígbà gbogbo.

Ibi tí oòrùn kì í dé tààrà ni òfì ti dára: lára ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, lórí tábìlì oúnjẹ, níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, lára ìrọ̀rí àga. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi òwú onídán hun, tó ń kọ mànà. Ti òde àríyá nìyẹn. Lára ògiri, ojú á tètè sú u. Ẹ béèrè ẹ̀tù: aró tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run nínú rẹ̀. Lórí ògiri aláwọ̀ eérú, kò sí èyí tó tó o. Àlàárì ni pupa wọn. Sányán ni aláwọ̀ iyanrìn, òun ni àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Sányán tòótọ́, láti ara kòkòrò tó ń hun ilé sórí igi nínú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀, ó sì wọ́n gan-an. Èyí tó pọ̀ lọ́jà lónìí, òwú lásán tí wọ́n rẹ sí àwọ̀ rẹ̀ ni. Kò burú fún ilé, bí ẹni tó tà á bá ti gba owó òwú lásán lọ́wọ́ yín.

Abẹ́rẹ́_Tákíé

Ẹ̀gbọ́n Ìsẹ́yìn, mo gbà pé òfì wúwo, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kò ṣeé lò fún kọ́tìnnì rárá. Kọ́tìnnì ni mo ń rán jẹun ní Tákíé. Ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà tó bá fẹ́ òfì ni pé màá ra aṣọ òwú funfun tí wọn ò pa láró, màá fi ìyẹn rán kọ́tìnnì gan-an, màá wá fi ìlà òfì ẹyọ kan gbá etí rẹ̀ níbi tí kọ́tìnnì méjèèjì ti ń pàdé. Aṣọ ìtẹ́nú á wà lẹ́yìn rẹ̀ kí oòrùn má bàa kàn án. Bọ́tìnnì ni mo fi ń so òfì náà mọ́ ọn, kò ní jẹ́ rírán pa, kí ẹ lè tú u kúrò bí ẹ bá fẹ́ fọ kọ́tìnnì. Kò wúwo, owó rẹ̀ kò sì gara. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa rí i pé òfì ni.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn

Ti etí yẹn dára, mo gbà á. Kí ẹ ṣáà rẹ òfì sómi kí ẹ sì sá a síbòji kí ẹ tó gé e, nítorí òfì tuntun máa ń súnkì. Bí ẹ bá gé e láì rẹ ẹ́, ẹ̀yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ ni kọ́tìnnì máa ká jọ.

Àgbà_Akẹ̀sán

Ẹ jẹ́ kí Ọ̀yọ́ náà sọ tirẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà mẹ́ta ló wà nílùú wa tó yẹ ilé: igbá, awọ àti ìlù. Ọjà Akẹ̀sán tó wà níwájú ààfin jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n sì ti tún un kọ́. Ẹ ṣì lè rí igbá rà ládùúgbò yẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fín in lọ, kí ẹ má kàn ra èyí tó wà lórí àtẹ. Lọ́dọ̀ wọn, ẹ ó yan igbá tó tóbi tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ ó sì sọ ọnà tí ẹ fẹ́ lára rẹ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń fín in. Á gbé igbá sáàárín itan, ọ̀bẹ kékeré tí ojú rẹ̀ mú bérébéré á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí igbá ló ń yí sí ọ̀bẹ. Kì í fi pẹ́ńsù yà á tẹ́lẹ̀. Ibi tó ha á di funfun, ibi tí ọ̀bẹ kò kàn á dúró pẹ̀lú àwọ̀ igbá. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ ọ̀jáfáfá ni pé kí ẹ tẹ̀lé ìlà kan yí igbá po: ti ọ̀jáfáfá á pàdé ara rẹ̀ láì sí àlàfo, láì sì fún mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan igbá náà. Èyí tó gbẹ á dún gbọnrangandan. Èyí tó bá dún kíjọ, omi ṣì wà lára rẹ̀, á sì wọ́ tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú: bí ẹ bá rí ihò wíńníwínní àti ìyẹ̀fun nísàlẹ̀, kòkòrò ti débẹ̀ ṣáájú yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi fáníìṣì kùn ún. Mo lòdì sí i. Ó máa ń sọ ibi funfun yẹn di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọnà náà á sì kú.

Ní ti awọ, ẹ ra tìmùtìmù. Pẹ̀lú ọmọ kékeré nílé, kò sí àga tó dára tó o: kò ní igun tí yóò gbá wọn lórí, àlejò lè jókòó lé e, ìyá lè gbé ẹsẹ̀ lé e. Awọ ewúrẹ́ ni. Pupa àtijọ́ tó wà lára iṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́, láti ara pòpórò okà bàbà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ ra á lára. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá jáde, aṣọ àlejò yín ni yóò bà jẹ́. Ẹ ra á láì tíì ki nǹkan sínú rẹ̀, kó lè rọrùn láti gbé wálé, kí ẹ wá fi òwú tàbí àkísà tó mọ́ kì í. Nígbà òjò, ẹ máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ má sì jẹ́ kó fara ti ògiri tó ń rin, kó má bàa bu.

Ìlù ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi dùndún kọ́ ara ògiri, ẹ ra èyí tó ń dún, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ yín ní lílù rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìlù tí wọ́n ṣe fún àlejò nìkan, tí ọsán rẹ̀ dẹ̀, tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Sábó

Màmá, kí ẹ tó ra ohun kan, ẹ ṣètò ikán. Mo mọ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ikán á gba abẹ́ táìsì, á yọ níbi férémù ilẹ̀kùn, ó sì di ọjọ́ tí ẹ bá gbé àga kúrò kí ẹ tó mọ̀ pé ó ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ pe ẹni tó ń fín oògùn ikán kí ẹrù tó wọlé. Lẹ́yìn náà, kí àga àti kọ́bọ́ọ̀dù má fara kan ògiri.

Ní ti igi, ìrókò, apá àti tíìkì ni ẹ béèrè. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ikán fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun gbogbo lọ. Ẹ ṣọ́ra fún káfíńtà tó máa kun arère ní àwọ̀ dúdú tó sì máa pè é ní apá. Ẹ gbé pákó náà lọ́wọ́. Apá máa ń wúwo sí ọwọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀ o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú agbo ilé àwọn bàbá wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn sí lásìkò ooru. Bẹ́ǹṣì gígùn kan tí a fi ìrókò ṣe, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ga, àti àpótí méjì fún àwọn ọmọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti parí nìyẹn. Ilẹ̀kùn ọlọ́nà wọ́n. Ẹ lè gbé pákó kan péré fún agbẹ́gilére kó gbẹ́ ọnà sí i, kí a wá kàn án mọ́ àárín ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó jẹ́ ọnà ìlà, ọnà ìhunpọ̀, àti alángbá. Kò sí ojú ènìyàn níbẹ̀, ìyá ọkọ yín kò ní rí ohun tí wọn ó bá yín jà lé lórí.

Ọmọ_Onítẹ̀bọmi

Ìyá yín sọ òótọ́, ẹ tẹ̀ lé wọn. Ère kò yẹ ilé Kristẹni. Ẹ̀wà Yorùbá pọ̀ láì sí ère nínú rẹ̀, a ti rí i nínú ohun tí àwọn ará ti kọ sókè yìí.

Olùkọ́_Ọnà

Ẹ ṣeun, Ọmọ Onítẹ̀bọmi. Mo gbà pé kí a bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ, ilé ọmọ wọn ni. Ṣùgbọ́n kí a má sọ pé igi gbígbẹ́ àti ẹ̀sìn kò lè gbé pọ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó gbé ayé láti 1928 sí 2009, Alhájì ni. Lábẹ́ Bandele, ọmọ Aréògún, ló ti kọ́ṣẹ́ sí i ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, dá ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn agbẹ́gilére. Àwọn agbẹ́gilére ibẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Òpó àti ilẹ̀kùn ọlọ́nà kì í ṣe ohun tí à ń bọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ilẹ̀kùn àtijọ́, òpó, tàbí ère ìbejì tó ti gbó wá fún yín ní ìdákọ́ńkọ́, ẹ má rà á. Òfin Nàìjíríà ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin dáàbò bò. Bákan náà ni èyí tí wọ́n ti lò rí fún ètò ìbílẹ̀, tó sì ní iyì ìtàn tàbí ti ọnà. Ẹni tí National Commission for Museums and Monuments bá fún láṣẹ nìkan ló lè máa rà á, kó sì máa tà á. Yàtọ̀ sí òfin, ilé ẹnìkan tàbí ojúbọ kan ni wọ́n ti jí púpọ̀ nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí agbẹ́gilére tó wà láàyè ṣe tuntun fún yín. Òun náà á rówó jẹun.

Ìyàwó_Ajílété

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. N kò tilẹ̀ rò ó pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Nípa ìdákọ́ńkọ́ yẹn, ẹnìkan ti fi àwòrán ilẹ̀kùn àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí ọkọ mi lóòótọ́. A ò ní dá a lóhùn mọ́.

Ògiri ńkọ́? Ṣé kí n pa àwọ̀ eérú yẹn rẹ́ pátápátá?

Pẹ́ńtà_Ìsàlẹ̀_Afọ́n

Ẹ fi í sílẹ̀ nínú yàrá. Pálọ̀ àti ọ̀nà àárín ilé nìkan ni kí ẹ yí padà. Àwọ̀ tó bá ilé wa mu ni àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ẹ ń rí létí ọ̀nà, èyí tí a bu funfun mọ́ títí ó fi rọ̀. Ẹ má kùn ún sí gbogbo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ògiri kan á gbà á, àwọn yòókù á jẹ́ funfun tí kò mọ́ tónítóní.

Ọ̀dà tí kì í dán ni kí ẹ béèrè. Táìsì yín ti ń dán, POP ń dán; bí ògiri bá tún ń dán, ojú kò ní ríbi sinmi. Kí ẹ tó ra gálọ́ọ̀nù púpọ̀, ẹ kun ìwọ̀n ìwé ìròyìn kan sára ògiri, kí ẹ wò ó láàárọ̀, ní ọ̀sán àti nígbà tí iná bá wà lálẹ́. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa máa ń yí lójú nígbà tí iná funfun bá tàn sí i.

Ilé_Amọ̀

Kí ló dé tí ẹ ó fi ra ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ wà? Ẹ fi amọ̀ gan-an rẹ́ ògiri kan. Àwọn ìyá wa ló ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ ilé àti ògiri tí ó fi ń dán, tí kì í sì í ní eruku. Ilé amọ̀ máa ń tutù, amọ̀ sì ní ojú tí ọ̀dà kankan kò lè ní: bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí ipa ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ.

Pẹ́ńtà_Ìsàlẹ̀_Afọ́n

Ògiri símẹ́ńtì tí wọ́n ti kun lọ́dà nìyẹn o. Amọ̀ kì í di ọ̀dà mú. Ọyẹ́ kan péré, á sán, á sì ya lulẹ̀ lórí àwọn ọmọ.

Ilé_Amọ̀

Kì í ya bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ ó kọ́kọ́ ha ọ̀dà kúrò, ẹ ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì sá ògiri lára, ẹ ó kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ọn, ẹ ó wá po amọ̀ mọ́ yanrìn àti koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Ẹ rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má rẹ́ ẹ nípọn lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a lè ṣe sí ìdí ògiri ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀.

Ìyá_Alámù

Ìlọrin kò jìnnà sí yín. Ní Òkèléle àti Dàda, àwọn obìnrin ṣì ń mọ ìkòkò níbẹ̀. Ẹ ra àmù ńlá kan, ẹ má ra ìkòkò kéékèèké mẹ́wàá. Ẹ gbé e sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ibi ìjẹun, kí ẹ sì máa bu omi sí i ní tòótọ́. Omi tó ń rin jáde lára amọ̀ ló ń mú kí èyí tó wà nínú rẹ̀ tutù láì sí iná NEPA. Nítorí rírin yẹn náà, ẹ má gbé e kalẹ̀ lórí táìsì lásán. Ẹ ṣe ọ̀ṣùká nípọn, tàbí kí wẹ́dà ṣe ẹsẹ̀ onírin kúkurú fún un. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀, koríko tàbí aṣọ ni kí ẹ fi há a, kí ẹnìkan sì jókòó tì í, nítorí kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má kun ún lọ́dà o. Bí ẹ bá ti kùn ún, kò ní mí mọ́, omi rẹ̀ kò sì ní tutù.

Díẹ̀_Ló_Tó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Òfì, igbá, tìmùtìmù, dùndún, ilẹ̀kùn ọlọ́nà, ògiri amọ̀, àmù: gbogbo rẹ̀ ni ẹ ti kó wọ pálọ̀ obìnrin yìí, ó sì ti kọ ọ́ sókè pé òun kò fẹ́ ilé tó kún. Mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ògiri ló ń pè ọ́, o ò sì ní mọ èyí tí wàá dá lóhùn.

Ìlànà tí èmi fi ń ṣe é: ohun kan ṣoṣo ni kó gba ojú ẹni tó bá wọlé, ìyókù á máa tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ òfì ẹ̀tù lára ògiri, kí ògiri mẹ́ta yòókù wà lófìfo. Àwọ̀ mẹ́ta péré sì tó pálọ̀: aró, pupa ilẹ̀, àti funfun. Ohunkóhun tí kò bá sí nínú mẹ́ta yìí, yàrá ni kó lọ. Igbá ńlá kan tó dá wà lórí tábìlì sàn ju ogún kéékèèké lọ.

Àgbà_Akẹ̀sán

N kò bá ọ jiyàn lórí àwọ̀ mẹ́ta, àbúrò. Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá kò fìgbà kan ṣófo. Ṣé o ò rí yàrá àwọn ìyá wa àgbà ni? Igbá olómorí léra wọn, abọ́ tánganran léra wọn kan àjà, wọ́n sì ń nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọrọ̀ wọn nìyẹn, ẹ̀wà wọn sì nìyẹn. Igbá méje tàbí mẹ́sàn-án tí kò dọ́gba, tí a kọ́ pọ̀ sójú kan lára ògiri ibi ìjẹun, kò ní pa ẹnikẹ́ni lójú.

Díẹ̀_Ló_Tó

Lójú kan, bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n tú u ká gbogbo ilé.

Ẹní_Àtẹ́ẹ̀ká

Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ táìsì. Ẹ má fọ́ ọ. Owó ńlá ni, eruku rẹ̀ á sì wọ gbogbo ilé. Ẹ bò ó. Ẹ ra ẹní tí wọ́n hun dáadáa, méjì tàbí mẹ́ta, kí télọ̀ rán wọn pọ̀ kí ó sì fi aṣọ tó nípọn gbá etí rẹ̀. Ẹní nìkan lórí táìsì máa ń yọ̀, àwọn ọmọ á sì ṣubú, nítorí náà ẹ wá rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rọ́ọ̀gì, kí ẹ gé e kó kéré sí ẹní díẹ̀. Bí ẹ bá rí kíjìpá, aṣọ òwú tó ki tí àwọn obìnrin máa ń hun lórí òfì ìnàró (igi ìhunṣọ tó dúró lóòró), ìyẹn náà dára nílẹ̀ yàrá. Ó ṣeé fọ̀, ó sì ń pẹ́.

Aró_Dúdú

Mo fẹ́ fi àdìrẹ kún un, nítorí owó rẹ̀ kò tó ti òfì. Fún ìrọ̀rí àga àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló dára jù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tòótọ́, iyẹ́ adìẹ tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ya ọnà rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ sí. Ìyẹn ni ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa ń ṣú ju iwájú lọ. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba pátápátá, tí ọnà rẹ̀ sì ń tún ara rẹ̀ ṣe láì yẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù kí ẹ tó rán an, ẹ máa yí omi padà títí yóò fi mọ́. Ibòji ni kí ẹ sá a sí.

Abẹ́rẹ́_Tákíé

Ẹ fi iyọ̀ sínú omi náà, ó máa ń di aró mú.

Aró_Dúdú

Rárá, àǹtí mi. Gbogbo wa la gbọ́ ọ báyẹn, ṣùgbọ́n aró tí kò wọ aṣọ dáadáa láti inú ìkòkò aró, iyọ̀ kò lè dá a dúró. Èyí tó bá máa jáde, ẹ jẹ́ kó jáde kí aṣọ tó kan àga.

Iná_Pẹ̀lẹ́

Ẹ yí gílóòbù padà o! Iná funfun tó ń ta ojú á pa gbogbo ohun tí ẹ bá rà. Gílóòbù LED aláwọ̀ òféèfèé ni kí ẹ fi sí pálọ̀. Lára páálí rẹ̀, ẹ wá 2700K tàbí 3000K. Ẹ lè fi kèǹgbè ṣe láńpù bákan náà: ẹni tó ń fín igbá á lu ihò sí i lára ní ọnà, ẹ ó wá gbé gílóòbù LED kékeré sínú rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná kò gbọdọ̀ wọ inú igbá, á jó o.

Ìyàwó_Ajílété

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi àti fún ìyá wa lórí fóònù. Ìyá fọwọ́ sí pákó ọlọ́nà, wọ́n ní kí alángbá wà lára rẹ̀ dandan. Ohun tí a fẹnu kò sí: oògùn ikán lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti gílóòbù. Ògiri kan ní pálọ̀ á gba ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀; a ó fi ti amọ̀ sílẹ̀ títí àwọn ọmọ á fi dàgbà díẹ̀. Òfì ẹ̀tù á wà lára ògiri tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, igbá á wà níbi ìjẹun, lójú kan. Tìmùtìmù di ìgbà tí owó bá tún wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Ìsẹ́yìn, ògiri náà fẹ̀, mo sì fẹ́ kí òfì tó wà lára rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Báwo ni màá ṣe béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ahunṣọ kí n má bàa rà jù?

Ọmọ_Ìsẹ́yìn

Ẹ béèrè bí ìlà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó kí ẹ tó sọ ohun mìíràn, nítorí òfì kò dọ́gba. Bí ìlà kan bá fẹ̀ ní ínǹṣì 4, ìlà 12 ló máa fún yín ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn jẹ́ yáàdì 24 lápapọ̀. Ẹ fi yáàdì méjì kún un nítorí súnkì àti ibi tí igi tí ẹ ó fi gbé e kọ́ máa gbà kọjá lókè. Bí ìlà bá fẹ̀ ní ínǹṣì 6, mẹ́jọ péré ni ẹ nílò.

Ẹ sọ fún ahunṣọ pé ara ògiri ni ẹ ó fi kọ́, kó má bàa fi òwú onídán sí i. Kí ó hun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti inú òwú tí wọ́n pa láró lọ́jọ́ kan náà, nítorí aró ọjọ́ méjì kì í bára mu. Etí sí etí ni kí wọ́n rán an, kí wọ́n má fi ọ̀kan lé ọ̀kan lórí. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú yàrá fún ọjọ́ díẹ̀ kó nà kí ẹ tó gbé e kọ́.